Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Méjì àti Ọrùn Ìyá Mi

Ọrùn ìyá mi ló mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ ilé wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn àbúrò mi ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀. Bí a bá pé jọ nílé, wọ́n á ní bàbá wa kàn jáde lọ́jọ́ kan ni, ó fa ẹran Haúsá méjì wálé, gbogbo Kabba sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n kéré nígbà náà, eré ni wọ́n ń ṣe káàkiri. Èmi ni mo wà nílé, èmi ni mo rí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, mo ń retí kí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ilé ìwé kan. Abẹ́ Kwara la wà nígbà yẹn, Ìlọrin ni olú ìlú wa, ohun gbogbo tí ènìyàn bá sì ń dúró dè, láti Ìlọrin ni yóò ti wá. Kì í tètè dé. Mo jókòó, mo ń bá ìyá mi lọ oko, ara ń kan mí, mo sì ń fi ìkanra náà dá gbogbo ilé lóhùn.

Ní ọdún tó ṣáájú ni ìyá mi ṣubú. Iṣu ló rù láti oko. Òjò ti rọ̀, àwọn òkúta tí a máa ń tẹ̀ kọjá odò ń yọ̀, ó sì ṣubú pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, apá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ọrùn ló gba gbogbo rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, bí a bá pè é láti ẹ̀yìn, gbogbo ara ló fi ń yí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yí àpótí. Mo tẹ̀lé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní yóò sàn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ru ẹrù lórí mọ́ láyé rẹ̀. Ó ní bó bá ń rù ú, ọrùn náà á máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ kan tí kò ní lè gbé orí sókè mọ́.

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí a dé ìta, ó bi mí pé ṣé ọkùnrin yẹn ní ìyá nílé ṣá. Obìnrin wo ló wà ní Kabba tí kì í rẹrù? Bàbá mi ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, Sátidé nìkan ló ń ráyè. Ìyá mi ló ni oko. Òun ló mọ ibi tí ẹ̀pà ń gbé ṣe dáadáa àti ibi tí iṣu kì í ta, òun ló ń gbé e lọ sọ́jà, òun ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ní kó má ru ẹrù mọ́, kí ló kù tó ń ṣe? Ọ̀nà oko wa kò ṣeé gun kẹ̀kẹ́, òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni.

Ẹni tó gbà wá lọ́dún náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní ìyá wa àgbà. Òkè-Bùkún ní ilẹ̀ Bùnù ló relé ọkọ sí, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Bó ṣe gbọ́ pé ìyàwó àbúrò òun ṣubú, ó di aṣọ rẹ̀, ó wá. Ó fi oko tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó sì ru gbogbo ẹrù ìyá mi wálé títí iṣu fi tán lóko. Kì í ṣe ọmọdé o. Ó ju bàbá mi lọ dáadáa. Mo rí i tó ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn pẹ̀lú iṣu lórí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó sì ń sọ fún ìyá mi pé kò wúwo rárá. Ìyá mi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo, ó ń sunkún. Inú rẹ̀ kò gba pé ẹ̀gbọ́n ọkọ ń ru ẹrù fún òun ìyàwó.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan wá bàjẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Lọ́kọ́ja, lẹ́yìn ìlú díẹ̀. Ilẹ̀ Haúsá lókè lọ́hùn-ún ló ti ń bọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló kó, òdìkejì odò Ọya níhà ìlà-oòrùn ló ń kó wọn lọ, níbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n jẹ. Wọ́n sọ àwọn ẹran náà kalẹ̀ sábẹ́ igi, kí wọ́n lè rí ọkọ̀ tún ṣe. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó rí wọn. Ó ní àwọn yòókù ń jẹko, ṣùgbọ́n àwọn méjì kan dúró ti ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, egbò ti ṣí ẹ̀yìn wọn, eṣinṣin bò wọ́n. Ọ̀gá ọkọ̀ sọ fún un pé àwọn wọ̀nyẹn kò ní lè dé ibi tí wọ́n ń lọ, pé bí wọ́n bá tún mọ́tò ṣe tán, òun á kàn fi wọ́n síbẹ̀ fún igún ni.

Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí àánú ẹran ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹran tó bá wọ oko wa, òkò ló fi ń kí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ní òun wo àwọn ẹ̀yìn tó kún fún egbò yẹn, òun sì mọ̀ pé ẹrù ló dá wọn síbẹ̀, ohun tó bá sì ru ẹrù tó bẹ́ẹ̀ rí lè tún un rù bí ara rẹ̀ bá yá. Ó kó iṣu àti òbúkọ kan lọ fún ọ̀gá ọkọ̀. Ó fa àwọn méjèèjì wálé.

Abo ni wọ́n. Ọ̀kan dúdú, etí rẹ̀ kan ti ya, èkejì ní àwọ̀ eérú. A kò wá orúkọ fún wọn, Dúdú àti Eléérú la kàn ń pè wọ́n. Gbogbo àdúgbò ló wá wò wọ́n. Wọ́n bi bàbá mi bóyá ó fẹ́ di Haúsá. Àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì bi wá ṣé èyí ni Jésù gùn. Kátíkíìsì wa pàápàá wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní bóyá a lè yá ìjọ ní ọ̀kan fún Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ìyá mi ní kí ẹ̀yìn rẹ̀ jinná ná, kó tó ru Jésù.

Òun ló tọ́jú wọn. N kò fẹ́ràn ìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, nítorí èmi ló ń rán lọ pọnmi. Ó máa ń jókòó lórí àpótí, ó ń fi omi gbígbóná tó ní iyọ̀ fọ egbò wọn, ó ń fi òrí pa á, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. A fún wọn ní èèrí ọkà bàbà, èèpo iṣu, ewé ẹ̀pà. Ìgbà mìíràn á fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ara rẹ̀, lẹ́yìn náà á fi kan tiwọn. Ó ní ẹrù ló sọ wọ́n dà báyìí. Mo da omi ẹlẹ́gbin nù.

Ohun kan wà tí gbogbo wa rí, kò sí ẹni tí kò rí i nínú ilé yẹn. Àwọn ẹran méjèèjì kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, ara wọn ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ sinmi, ọ̀kan á kọjú síhìn-ín, èkejì á kọjú sọ́hùn-ún, kálukú á gbé ọrùn lé ẹ̀yìn èkejì. Bí a bá fún Dúdú lómi, kò ní mu títí a ó fi gbé ti Eléérú dé. Bàbá mi máa ń sọ pé tọkọtaya tí àwọn àlùfáà ń so pọ̀ kò mọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín ni. Ó rí i, ó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

Nígbà tí egbò jinná, bàbá mi lọ bá àwọn Haúsá tó wà ní ìlú, wọ́n sì bá a rán àpò ńlá tí wọ́n ń pè ní mángàlà, èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ẹran tí ẹrù á fi wà ní ọ̀tún àti òsì. Ìyá mi rán aṣọ tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀ kó má baà gé wọn lára. Nígbà tó tó àkókò iṣu, a kó wọn lọ oko.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi wọ́n kó iṣu wálé, ìyá mi kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó di í sẹ́yìn, ó tún tú u. Ó já ewé kan, ó ń fi lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀. Láti kékeré rẹ̀ ló ti ń fi ọwọ́ kan di ẹrù mú lọ́nà oko, ọwọ́ náà kò mọ ibòmíràn. Obìnrin kan tó ń bọ̀ níwájú kí i, ó ní okun o, ìyá mi ní okun o, ó sì yí ojú tẹ̀lé obìnrin náà títí ó fi kọjá lọ. Kò fi gbogbo ara yí. Orí nìkan ló yí. Inú mi dùn débi pé omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, mo bá bú Dúdú tó wà níwájú mi pé kó máa rìn, ṣé ó rò pé ọ̀la la fẹ́ délé ni.

Bí a ṣe kó irè oko ọdún yẹn tán nìyẹn, tí ìyá mi kò fi ẹrù kankan kan orí. Ó sanra díẹ̀. Ó ń kọrin nínú ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn ẹran rẹ̀, ó máa ń dáhùn pé ẹni tí ọrùn kò bá dùn kó máa rù ú lọ.

Lẹ́yìn ìkórè ni ìyá wa àgbà wá kí wa láti Òkè-Bùkún. Ó rí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó yí wọn ká, ó fọwọ́ kan mángàlà, ó béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan, pé bí bàbá mi àti ìyá mi bá rí i pé ó ṣeé ṣe, kí wọ́n fún òun ní ọ̀kan sìn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ní abo ẹran méjì kì í sìn wọ́n pọ̀ sójú kan. Yóò fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ tó jìnnà díẹ̀. Bí àrùn bá wọ agbo ìhín, ti ọ̀hún á kù. Ẹni tó gbà á sìn ló ń bọ́ ọ, bó bá sì bímọ, àkọ́bí jẹ́ ti ẹni tó ni ín, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa pín in lọ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ni wọ́n ń ṣe é sí. Ilé méjì á fi ẹran so ara wọn pọ̀, ọ̀rọ̀ ìfọ̀kàntán ni. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ẹran sìn, wọ́n bọlá fún un ni.

Ta ni ó fẹ́ sọ fún ìyá wa àgbà pé rárá? Bàbá mi kò lè sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó tilẹ̀ wò ó pé ó bójú mu. Ó ní bí àìsàn bá dé, kò ní pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọmọ. Èyí àkọ́kọ́, tiwa. Èkejì, ti ìyá wa àgbà. Wọ́n jiyàn díẹ̀ lórí bó bá jẹ́ ìbejì. Èmi tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà kò lè mú un mọ́ra, mo béèrè pé akọ dà. Láti Kabba títí dé Òkè-Bùkún, kò sí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò sí láyé ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń pín bí ogún. Bàbá mi ní àwọn á wá akọ, pé kí n gbé àwo kúrò nílẹ̀. Mo tún ní àwọn ẹran yìí kò lè gbé láìsí ara wọn, gbogbo wa ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ewúrẹ́ pàápàá máa ń ké lọ́jọ́ kìíní, bó bá di ọjọ́ kẹta á ti gbàgbé.

Mo wo ìyá mi. Èmi rò pé yóò sọ nǹkan, nítorí òun ló mọ̀ wọ́n jù. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá wa àgbà.

"Ẹ mú un lọ, ìyá wa," ó ní. "Ẹrù mi lẹ rù ní èṣí. Ó yẹ kí nǹkan ru tiyín náà."

Ọmọ ìyá wa àgbà, ọkùnrin tó ti láya nílé, ló wá fà á lọ. Eléérú ni wọ́n yàn. Kò lọ. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀. Bàbá mi ní kí a mú Dúdú bá wọn dé ìparí ìlú, kí èkejì lè rò pé àwọn jọ ń lọ ni. A ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó kẹ́yìn, bàbá mi so Dúdú mọ́ igi máńgòrò, wọ́n sì fa Eléérú síwájú. Ó rìn díẹ̀ kó tó mọ̀ pé kò sí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tí kò bá gbọ́ igbe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ń fa èémí wọlé, ó ń tì í jáde, bí ìgbà tí okùn kànga bá ń ha mọ́ igi. Eléérú ń dá a lóhùn títí wọ́n fi wọ igbó, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ìyá mi ti padà sílé ní tirẹ̀. Kò fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ kẹta dé, kò gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kejì dé, kò gbàgbé. Ó ń jẹ díẹ̀, á gbójú sókè, á dúró. Bí a bá mú un lọ oko, ó máa ń dé oríta tí ọ̀nà Bùnù ti yà, á dúró síbẹ̀, á kọjú sọ́nà náà. Kò ní lọ, kò ní bọ̀. Bí a bá gbé ẹrù lé e, á dùbúlẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Bàbá mi mú pàṣán lọ́jọ́ kan, ìyá mi gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bu àgbàdo sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sí i lẹ́nu, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Dúdú kàn gbóòórùn rẹ̀ ni.

Mo ní kí wọ́n lọ mú Eléérú padà. Mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo sọ ọ́ lálẹ́, títí ojú mi fi di ojú oníjàngbọ̀n nínú ilé. Bàbá mi bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun lọ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn. Kò sẹ́ni tí ń gba ẹran ìsìn padà kí ó tó bímọ, àfi bí ìjà bá ti dé. Ẹni tó bá gbà á, ó ń sọ fún gbogbo ẹbí pé ọ̀lẹ ni ẹni tó ń sìn ín, tàbí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nípa obìnrin tó fi ọrùn ara rẹ̀ gba ọrùn ìyá mi là? Ìyá mi ní kí n má jẹ́ kí òun gbọ́ ọ mọ́.

Ọmọ ìyá wa àgbà máa ń gba ilé wa bó bá wá ná ọjà. Ìyá mi á béèrè ẹran. Á ní ara rẹ̀ le, ó ń jẹun, mama òun ní kí òun kí wa. Òun náà á béèrè Dúdú, ìyá mi á ní ara rẹ̀ le, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé kó bá wa kí mama. Ó sì ń rí i o, tí Dúdú dúró sẹ́yìn ilé pẹ̀lú egungun ìhà níta. Kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ bó bá délé. A ń fi ìfẹ́ purọ́ fún ara wa, ilé méjì, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Nígbà tí iṣu tún tó, ìyá mi mú òṣùká rẹ̀ jáde látinú igbá tó fi sí. Ó ní díẹ̀ ni, ó ní kí Dúdú tó gbádùn ni. Mo ru èyí tí mo lè rù. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni iṣẹ́ mi wá dé láti Ìlọrin, wọ́n fi mí sí ilé ìwé kan ní Amuro, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti ń bínú sí Ìlọrin pé wọn kò tètè ránṣẹ́. Mo wá ń bínú pé wọ́n rán an.

Mo wà nílé fún ìsinmi ilé ìwé nígbà tí ìyá wa àgbà dé. Ó wọlé láàárọ̀, kò jókòó, kò mu omi. Ó tú aṣọ kan nílẹ̀ níwájú bàbá mi àti ìyá mi. Ìrù Eléérú ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹran ìsìn bá kú, ẹni tó ń sìn ín gbọ́dọ̀ mú nǹkan kan lára rẹ̀ wá fún ẹni tó ni ín, kí wọ́n má baà rò pé ó tà á. Ó ṣe é bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti mú un dé ni kò ti jẹun dáadáa, pé kì í ṣiṣẹ́, pé ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé ló máa ń dúró sí, títí ó fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ kò ránṣẹ́ sí wa?" ìyá mi béèrè.

"Kí n dá a padà kẹ̀, ìyàwó mi?" ìyá wa àgbà ní. "Oore lẹ fi ṣe mí. Ṣé kí n wá sọ fún yín pé n kò fẹ́?"

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní tiwa náà kò jẹun dáadáa láti ọjọ́ náà, kò sì gbé iṣu kan ṣoṣo. Ó ní àwọn kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni, kí ìyá wa àgbà má baà rò pé àwọn fẹ́ gbà á. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ìyá wa àgbà ló kọ́kọ́ rí òṣùká tó wà lórí ìkòkò omi, ó sì wo ọrùn ìyá mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi dìde, ó bọ́ síta. Inú bí mi, mo sì wò yíká ilé, n kò rí ẹnìkan tí màá bínú sí. Gbogbo wọn ló ṣe dáadáa. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Ká ní ẹnìkan hùwà àìdáa níbẹ̀, ká ní ẹnìkan tilẹ̀ lè jẹ́ aláìlójútì fún ọjọ́ kan péré, àwọn ẹran yẹn ì bá wà láàyè, ìyá mi ì bá sì máa rìn lọ́wọ́ òfo.

Dúdú kò rí òjò tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi sin ín, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́. Ó wá òmíràn kiri fún ìgbà díẹ̀, ó ń dá àwọn ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, kò rí. Ìyá wa àgbà fẹ́ tún wá bá wa ru ẹrù, ó wá ní ọdún kan, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́, ìyá mi sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jókòó. A sọ fún ìyá mi kó fi oko sílẹ̀. Ó ní ó dáa. Bí a bá ti yí ẹ̀yìn padà, ó ti gbé òṣùká.

Ó rí bí dókítà ṣe wí. Ọrùn náà ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò ní Kwara tí a di ará Kogi, tí gbogbo ìlú jáde tí wọ́n ń jó, wọ́n gbé àga fún un síta kó lè wòran. Mo bi í bóyá ó gbádùn rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn kan wọ bàtà tó dára gan-an.

Ní àwọn ọdún tó lò kẹ́yìn, kò gbé àgbọ̀n kúrò láyà mọ́ rárá. Bí mo bá wá kí i, mo máa ń kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀, n kò sì ní dìde títí a ó fi parí gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ní sọ. Àwọn aládùúgbò máa ń yìn mí. Wọ́n á ní ẹ wo olùkọ́ àgbà, pẹ̀lú ewú lórí, ẹ wo bó ṣe mọ̀ ọ́n kí ìyá rẹ̀ tó. Ilẹ̀ níbẹ̀ nìkan ló kù tí ìyá mi ti lè rí ojú mi.